Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màámi

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ẹbí mi. Lọ́la ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dání wọlé síbẹ̀. Ẹni tí ẹ ń bú pé ó ba ojú Màámi jẹ́, òun kọ́. Èmi ni.

Ilé iṣẹ́ ìpara kan náà ni èmi àti àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo mú un wọbẹ̀, tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ìpara. Pẹ́pútáìdì, èròjà tó ń mú kí ojú tó ti hunjọ tún jọ̀lọ̀, ló ń dà wá láàmú: kì í wọ awọ, òkè ara ló ń jókòó sí. Mo wá ọgbọ́n rẹ̀ títí, ó sú mi. Àbúrò mi dé, ó fi ọ̀rá wẹ́wẹ́ wé e, awọ gbà á wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò yín o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jowú rẹ̀ débi pé oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Àṣà wa níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá po ìpara ni yóò kọ́kọ́ fi pa apá ara rẹ̀. Mo yọ́ wọlé, mo da oògùn tó ń ṣí awọ kún ìpara rẹ̀. Díẹ̀ rẹ̀ wúlò. Púpọ̀ rẹ̀, jíjó ló ń jóni. Mo fẹ́ kí ó jó o lápá, kó kàn tẹ́ díẹ̀. Ìkà ni mí, mo mọ̀.

Ta ló mọ̀ pé Màámi yóò yà kí wa lọ́jọ́ náà? Ayọ̀ kò jẹ́ kí àbúrò mi rántí àṣà kankan. "Màámi, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lò ó!" Màámi na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé kí n tún padà di ọmọge ni?" Mo lẹ́nu, mo lè ní "Dúró!" Mo rí ìka rẹ̀ nínú ìpara, mo rí i tó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màámi, n kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí Màámi figbe ta ni èmi náà tó figbe ta.

Wọ́n lé àbúrò mi níṣẹ́. Ó ń sunkún pé, "Mo wọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ gbà mí gbọ́!" Èmi gan-an ni mo ní kó panu mọ́.

Láti ìgbà náà, Màámi kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú wọn mọ́. Èmi ni wọ́n ń pè ní àràárọ̀ kí n wá fi òróró pa àpá náà. "Ọwọ́ tìrẹ nìkan ni mo fọkàn tán." Màámi, ẹ dárí jì mí. Àbúrò mi, sún mọ́bí. Gba òróró náà lọ́wọ́ mi.