Sọ́rì tí mo sọ ní Jóga

Ẹ dúró ná. Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, kí ẹ fetí sí mi dáadáa.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí irun mi ṣì dúdú, tí mo ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé ìjọ wa ní Ayétòrò níbí, kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ń sọ "sọ́rì". Lónìí ńkọ́? Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, sọ́rì. Ẹni tó wúkọ́, sọ́rì. Ọlọ́kadà gbá ọ nígbọ̀nwọ́, ó ti dé ọ̀nà Ìmẹ̀kọ kó tó sọ ọ́ tán... Ọ̀rọ̀ náà kò burú o. Èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Díẹ̀ ló kù kó gba ìyá àgbà yín mọ́ mi lọ́wọ́.

Jóga-Orílẹ̀ ni Débórà, ìyá àgbà yín, ti wá. Àwọn òbí rẹ̀ ti fẹ́ gbà kí n fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gun kẹ̀kẹ́ tuntun lọ kí wọn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn mi, ìgbéraga nínú mi... Olúwa dárí jì mí. Ìyá rẹ̀ sá láfún sórí ẹní létí ọ̀nà. Ojú fèrèsé Débórà ni mò ń wò, mi ò wo ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gba àárín láfún kọjá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbọ́, ó dà sínú erùpẹ̀. Mi ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo ní, "Sọ́rì, Mà."

Màmá wò mí, ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Ọmọ mi ń lọ síléèwé, ó ti kọ́ mi ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n àyà rẹ kò tíì kan ilẹ̀." Ó wọlé, ó ní kí n má wá bá ọmọ òun mọ́.

Mo fẹ́ kọ lẹ́tà. Bàbá mi bi mí pé, "Ṣé lẹ́tà ló gun kẹ̀kẹ́?" Sátidé tó tẹ̀lé e, ó mú mi lọ. Kò tíì sọ̀rọ̀ kankan tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá yẹn. Bàbá mi, alàgbà ìjọ, arúgbó, nítorí mi. Mo wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi bọ́ lójú mi. "Màmá, mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí."

Ó ní ká dìde. Ó na ọ̀bẹ sí mi, ó tọ́ka sí òkìtì pákí. Mo bó o títí oòrùn fi ń wọ̀. Débórà ń bá mi bó o, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà ń bó pákí bí ẹni ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Bó ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kí a tó lọ, Màmá ro láfún gbígbóná fún wa, ó pè mí ní ọmọ òun. Ayọ̀ náà ò tíì kúrò lára mi.

Ìwé Mímọ́ kọ́ wa bẹ́ẹ̀ náà. Ọmọ tó ná ogún rẹ̀ tán fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Olúwa wa pàápàá kò jókòó sọ́run kó máa pè wá, ó sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ẹ̀yin ń fi sọ́rì ránṣẹ́ lórí fóònù, pẹ̀lú àwòrán ojú tó ń sunkún. Ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, tí ọkàn rẹ̀ ò tíì rọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ òmíràn sí i mọ́. Ẹ dìde, ẹ wọkọ̀ lọ bá a nílé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́.