Àyè Elégbè Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Láyé ìjọba ṣọ́jà, nígbà tí epo wọ́n, ọkọ̀ wa tò sílé epo ní Orè, mo sì ń gbọ́ ohun tí ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sọ lẹ́yìn mi. Kásẹ́ẹ̀tì orin jáàsì ọ̀dọ́ akọrin kan ni awakọ̀ ń yí ní àyípadà láti ìgbà tí a ti gbéra.

"Orin ọ̀gá mi tó ti kú ni ọmọ yìí ń kọ."

"Ó ní òun fi yẹ́ wọn sí ni, Màámi."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń gbè é fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ódìgbò. Tí wọ́n bá dé ibì kan nínú orin náà, wọ́n á dákẹ́, èmi á gbè é. A ò gbà á sílẹ̀ rí. Ta ló ní kí ọmọ yìí dákẹ́ níbẹ̀?"

"Bóyá ọ̀gá yín ló kọ́ ọ."

"Wọn ò tíì bí i nígbà tí a sin ọ̀gá mi."

Akọrin náà tún dákẹ́.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Àyè mi ló fi sílẹ̀ yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má gbè é. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í dá òkú lóhùn."



"Mo ti gbè é nígbà tí a ń kọjá l'Ajue, kí n tó rántí."