Ohùn Bàbá Ọláyíwọlá Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, gbogbo ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ ní sítúdíò mi ní Mushin, àti ìwọ Lateefat tí mo ránṣẹ́ pè. Ohun tí mo fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kí ilẹ̀ tó mu mí. Dókítà ti sọ tirẹ̀ láàárọ̀: kíndìnrín mi ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níbi ìsìnkú mi kó máa pè mí ní ọ̀gá. Ọ̀gá kí ni? Ọ̀dẹ̀ ni mí, mo sì tún burú mọ́ ọn.

Ẹ rántí Bàbá Ọláyíwọlá, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èbúté Mẹ́ta. Àìsàn mú wọn lọ́nà ọ̀fun, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì fẹ́ ṣe fún wọn lọ́jọ́ Ajé máa gba ohùn wọn lọ pátápátá. Ìyàwó wọn, Màmá Christianah, kò ríran mọ́. Bàbá sọ fún mi pé, "Ohùn mi nìkan ni ìyàwó mi fi ń mọ̀ pé mo wà nílé, Àkàngbé. Mo fẹ́ fi orin kan sílẹ̀ fún un." Ọjọ́ Sátidé la fi iṣẹ́ sí, àwọn àti akọrin wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Lateefat tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú ìwé wá bá mi. Ó ti ṣírò rẹ̀. Ó ní máìkì mẹ́rìndínlógún la máa lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ ìdajì gíìgì àyè ìpamọ́ ní wákàtí kan, ìyẹn gíìgì mẹ́jọ ní wákàtí. Wákàtí márùn-ún, ogójì. Bí a bá sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, ọgọ́rin. Márùndínlógójì péré ló kù nínú háàdì wa, àpótí tí ẹ̀rọ ń kó ohùn pamọ́ sí. Ó ní ká lọ wá òmíràn. Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú, mo bi í bóyá tíṣà ìṣirò ni. Ogún ọdún ni mo fi ń fojú wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin náà sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ̀yin aláìlóye. Kí ni mo ti ń gbà sílẹ̀ láti ogún ọdún? Ìwàásù: máìkì kan, ẹnu kan. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nìyẹn, mo wá ń gbéra ga bí ẹni pé mo mọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá kọ orin wọn ní wákàtí kẹta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, torí ọ̀fun ò gbà kí wọ́n tún un kọ. Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí iṣẹ́ akọrin, háàdì kún, ẹ̀rọ dúró. Lateefat ti lọ kírun Àsárì. Ẹni tó bá lójútì á jáde lọ jẹ́wọ́ pé òun ṣì í wọ̀n, kí wọ́n ní sùúrù kí òun wá háàdì míì. Èmi kọ́. Mo ní kí wọ́n lọ mumi, mo wá jókòó, mo ń pa àwọn tí mo rò pé ìdánrawò ni rẹ́. Nọ́ńbà lásán ló wà lára wọn, mi ò kọ orúkọ sí ọ̀kankan, torí mo máa ń sọ pé orí mi ni ìwé mi. Mo pa ìkẹfà rẹ́, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ wò. Ìkẹfà yẹn ni Bàbá.

Nígbà tí Bàbá ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin náà, mo wá a títí, òógùn bò mí. Lateefat wọlé. Mo nàka sí i níwájú gbogbo wọn, mo ní, "Òun ló pa á rẹ́." Ó wò mí lójú, omi kàn ń dà lójú rẹ̀. Bàbá gbọ́wọ́ lé e léjìká, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú mi dùn pé wọ́n gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ni mo lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá ti kú lọ́dún tó kọjá. Lateefat, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ẹ̀yin tó kù, ẹni tó bá mú ìṣirò wá bá yín, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá Christianah pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ara mi ò yá. Wọ́n wá bẹ̀ mí pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé etí mi ni orin náà gbà kọjá, kí n fẹnu kọ ọ́ fún àwọn bí Bàbá ṣe kọ ọ́, ìbáà ṣe ìlà kan. Mi ò lè kọ ọ́. Nígbà tí Bàbá ń kọrin lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù ni mò ń wò lórí fóònù mi.