Irọ́ Tó Wà Lórí Okùn Gìtá Béèsì Tí Mo Tà Fún Yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Mi ò ní dárúkọ ara mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá dárúkọ, àwọn tó máa kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la ò ní wá ra nǹkan, ẹjọ́ ni wọ́n máa bá wá. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbé e jẹun, mo gbé e sùn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò jábọ́. Mo wá ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gbé mi jókòó níwájú èrò, kí wọ́n yìn mí fún ohun tí mo fi irọ́ bò mọ́lẹ̀. Mi ò lè gbà á.

Gìtá béèsì ni mo ń tà, gìtá olókùn mẹ́rin tó máa ń dún gbùm-gbùm nísàlẹ̀ orin. Tòkunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà. Ẹni tó bá ń wá tuntun kì í wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn tí ọwọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbòòrò ló ń wá: tíṣà, kápẹ́ńtà, ọmọ kọ́áyà, ẹni tó kàn fẹ́ràn orin. Mo máa ń ra àwọn tí ara wọn ti họ, màá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun mọ́tò ní Ládìpọ̀, òun á fi ọ̀dà mọ́tò kùn wọ́n. Ẹ̀ bá rí bí wọ́n ṣe máa ń dán! Béèsì kan tí mo tà fún bàbá kan ní Yábàá, ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára jíìpù pásítọ̀ kan la fi kùn ún. Bàbá yẹn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé a kùn ún ni. Orí okùn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Bàbá mi ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí a dàgbà sí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Sọ́fà orin ni wọ́n fi tọ́ wa. Ká tó jẹun, dò, rè, mì. Bí mo bá ṣi fà kọ, ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí orin á bà lé mi lórí. Torí náà, tẹ́ ẹ bá jí mi lójú oorun, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pín ohùn fún akọrin kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn béèsì á gba dò. Àwọn tẹ́nọ̀ á gba sò. Áàtò á gba dò òkè, tirébù á gba mì. Tẹ́nọ̀ lèmi.

Gìtá ní tiẹ̀, mi ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, inú kọ̀ǹtẹ́nà ló ti jáde, wọ́n ti tú okùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀. Mo gbé e délé. Mo wò ó títí. Mo ka okùn ẹ̀: mẹ́rin. Mo ní ohùn akọrin náà ńkọ́? Mẹ́rin! Háà! Mo ní àṣírí òyìnbó ti tú sí mi lọ́wọ́. Mo fa okùn tó nípọn jù, mo fún un ní dò. Mo fún èkejì ní sò. Mo fún ẹ̀kẹta ní dò òkè, mo fún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ní mì. Mo wá fi ọwọ́ gbá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bí ìgbà tí gbogbo kọ́áyà bá ṣe Àmín. Mo pariwo. Ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìnnì, ó rò pé iná ló gbé mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Mo ń lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra òmíràn, mo ń tà á. Gbogbo èyí tí mo bá tà, mo ti máa ń túùnù ẹ̀ bẹ́ẹ̀, dò, sò, dò, mì. Ẹni tó bá sì ra gìtá lọ́wọ́ mi, Sátidé mẹ́rin ni màá fi kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa wá nìyẹn. Títí débí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì mí. Àìmọ̀ ni.

Ibi tí mo ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ rèé.

Ẹ̀gbọ́n kan wọlé sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé. Wọ́n ti ń lu béèsì káàkiri Sùúrùlérè láti ìgbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Wọ́n gbé gìtá kan, wọ́n fi àtàǹpàkò gbá okùn ẹ̀, ojú wọn fún pọ̀ bí ẹni tó mu ọsàn kíkan.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ta ló túùnù èyí?"

Mo ní èmi ni.

"Kò rí báyìí o. Èyí tó nípọn jù yìí, o ṣe kòńgẹ́ ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ti kúrò ní àyè wọn. Bó ṣe máa ń wà káàkiri ayé wà. Gbé e wá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi fi hàn ẹ́."

Oníbàárà mẹ́ta ló wà ní ìkàlẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ara mi gbóná. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti ayé àtijọ́ lẹ̀ ń sọ yẹn. Ẹ ò tíì gbọ́ ni? Báyìí ni wọ́n ń ṣe é nílùú òyìnbó báyìí." Àwọn oníbàárà bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé rọra gbé gìtá yẹn kalẹ̀, wọ́n ní ó dáa, wọ́n jáde.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo yọ fóònù, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo jókòó sórí àpótí. Gìtá mọ́kànlá ni mo ti tà nígbà yẹn. Ṣé kí n máa ti ojúlé dé ojúlé, kí n máa sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo kọ́ yín, ẹ gbàgbé ẹ̀? Ojú tì mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tíṣà kan wá ra gìtá. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Mo pa á dé. Mo túùnù ẹ̀ fún un bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn, gìtá kejìlá yẹn.

Látìgbà náà, irọ́ ń bí irọ́. Ẹnì kan ní bí wọ́n ṣe ń tẹ okùn nínú fídíò orí fóònù ò bá èyí tí mo kọ́ ọ mu. Mo ní ọlọ́wọ́ òsì nìyẹn. Ẹlòmíì tún béèrè, mo ní fóònù ló máa ń yí àwòrán padà. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, èmi gan-an máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n sì ń gbà mí gbọ́, torí pé ó ń dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó ń dùn! Bí mo bá ń kọjá ní Múṣín lọ́jọ́ Sọ́ńdè, láti ojú títì ni mo ti ń mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí gìtá mi wà. Inú mi á dùn, ẹ̀rí ọkàn mi á sì máa gún mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Tèmídayọ̀ wá dé. Tèmi là ń pè é. Onídìrí ni, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà. Ọdún kẹta rèé tó wọlé, ó nàka sí èyí tó burẹ́wà jù nínú gbogbo ọjà mi. Ọ̀kan nínú àwọn èèkàn tí a fi ń fa okùn ẹ̀ ti kán, ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì mọ́tò ni mo fi rọ́pò ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tójú ń tì yìí ni mo fẹ́."

Ẹ wò ó, ọwọ́ tó ń dirun láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni okùn gìtá fẹ́ fi ṣe? Kò pé ọdún kan tó fi mọ̀ ọ́n lù jù mí lọ. Bí Tèmi bá ń lu béèsì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, màá jó. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á jó. Ẹni tó wá ná ọjà á gbàgbé ohun tó wá rà. Mi ò tíì rí ayọ̀ tó tó yẹn nínú iṣẹ́ yìí.

Lóṣù tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Yábàá ń wá obìnrin kan tó máa lu béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin obìnrin tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Wọ́n máa kọ́ ọ, wọ́n á sì fi ṣiṣẹ́. Tèmi fò wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó dì mọ́ mi. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, gìtá tiwọn ni wọ́n ní ká lò o." Gìtá tí wọ́n túùnù bó ṣe wà káàkiri ayé!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láti sọ òótọ́. Màá dé bẹ̀, màá ní mo ní kí n kí ẹ ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ dirun ni?" Orí mi pá o, ẹ̀yin èèyàn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sílé láìsọ nǹkan kan.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mo tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́yìn. Ó kàn án. Ó gbé gìtá wọn, ó fọwọ́ gbá okùn ẹ̀, ó dúró. Tèmi gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gìtá yín ti yẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ wojú wọn. Ó yí okùn mẹ́ta, kò fọwọ́ kan èyí tó nípọn. Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbórí kúrò nínú ìwé. Irun wọn ti funfun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ni.

Tèmi lu orin ìyìn kan, ilẹ̀ ń mì. Ó wá mú orin ìsìn kan tí bàbá mi fẹ́ràn, èyí tí mo kọ́ ọ fúnra mi, ó sì lu gbogbo ohùn ẹ̀ pọ̀. Ohùn mẹ́rin jáde lára gìtá kan ṣoṣo! Àwọn obìnrin tó ń dúró de tiwọn dìde, wọ́n ń jó. Màmá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń lu tábìlì. Èmi ń sunkún, mo ń jó, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe.

Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó nàka sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Àwọn ni wọ́n mọ bó ṣe yẹ kó rí."

Wọ́n mú un. Màmá yẹn wá ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n wá ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí mo ṣe dá irú túùnù yìí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé pa ìwé wọn dé, wọ́n jáde. Ìta ni wọ́n ti gbá mi lọ́wọ́ mú. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn.

Wọ́n ní, "Dìde. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n lù ju èmi àtìwọ lọ. Ṣùgbọ́n kò lè gba gìtá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé yìí kó lù ú láì kọ́kọ́ tú u. Ìwọ lo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ní kí n fi fi hàn ẹ́ lọ́jọ́sí. Èmi ò ní sọ fún un. Ìwọ lo máa sọ."

Àná ni mo lọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí gìtá kìíní dé orí fóònù tó ń yí àwòrán padà. Ọwọ́ Tèmi dúró sínú irun. Oníbàárà tó ń dirun fún ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ìlàjì orí mi ló kù." Omi lé sójú Tèmi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà tí mò ń lù ú tẹ́ ẹ̀ ń jó, ṣé irọ́ nìyẹn náà?"

Mo ní, "Rárá o, Tèmi. Ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́."

Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, létí gbogbo èèyàn. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, màá lù ú. Tẹ́ ẹ bá lè jó níbẹ̀, màá mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ." Ló bá padà sídìí irun. Ó máa ń sìn mí dé ojú títì tẹ́lẹ̀. Lánàá, kò sìn mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ó máa dárí jì mí? Mo ti lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé láàárọ̀ yìí, mo jókòó níwájú wọn bí ọmọ jẹ́léósinmi, wọ́n ń kọ́ mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn náà ni lóòótọ́. Màá lọ lọ́jọ́ Sátidé, màá sọ ọ́. Bó bá dárí jì mí, bí kò dárí jì mí, màá jó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra gìtá aláwọ̀ mọ́tò lọ́wọ́ ọkùnrin apárí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Ẹlẹ́gbà, èmi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé wọn wá. Sátidé mẹ́rin míì, ọ̀fẹ́ ni, ká jọ kọ́ ọ bó ṣe wà. Okùn mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ la máa tún ṣe. Èyí tó nípọn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyẹn nìkan ni mi ò fi purọ́ fún yín.