Àwọn Tí Mo Ní Kí Wọ́n Jókòó

Gwladys ọmọ mi, ti fèrèsé yẹn, kí o wá jókòó tì mí. Àlùfáà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lánàá, ó ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni mo dáná sun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé e mì. Obìnrin kan wà tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí n tó kú, ìwọ ni màá sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún kí n má baà tún sá.

O mọ oko kajú wa ní Lougba, èyí tó rán ẹ lọ sí yunifásítì. Igbó kìjikìji ni tẹ́lẹ̀, àwọn Arágbó ló ni ín. Ènìyàn ni wọ́n, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní iwin létí ẹ. Wọn ò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, etí wọn gùn, ó ṣe ṣóńṣó, orí igi ni wọ́n ń sùn. Ohun tí ìyá bá gbọ́ lásìkò ìrọbí ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá sì bá wọn jẹ oyin nínú igbá kan náà ti di olóyin wọn. Bí olóyin bá ní kí wọ́n jókòó, wọn kì í dìde àfi tó bá ní ó tó. Ẹni tó bá dìde ṣáájú ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹlẹ́tàn, lójú tiwọn, ikú sàn ju ìyẹn lọ.

Èmi Maximin, mẹ́tìrì, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní katikísíìmù, mo di olóyin wọn. Òjòńkù, àgbà obìnrin wọn, ló wò mí sàn nígbà tí ejò ṣán mi, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi oyin sí mi lẹ́nu. Nígbà tí gbogbo ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kajú, ọkàn mi fà sí igbó náà. Abdulganiyu tó ń ta epo mọ́tò lẹ́bàá títì sọ fún mi pé bí a bá kàn lé wọn, wọ́n á padà. Mo bá sọ àṣà ìjókòó fún un. Kò bi mí o, èmi ni mo là á sílẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, “Mẹ́tìrì, ẹ burú jù mí lọ.” Inú mi dùn bí ẹni pé ó yìn mí.

Ọ̀sán gangan ni, nínú ọyẹ́. Mo pè wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi, mo kà wọ́n bí mo ti ń ka ọmọ kíláàsì mi: mọ́kànlélógójì. Mo ní kí wọ́n jókòó. Àwọn ìyá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ mú nǹkan wá, mo sì lọ bá Abdulganiyu níbi tó ti ń da epo yí igbó ká. Nígbà tí èéfín dé ọ̀dọ̀ wọn, Afẹ́fẹ́, ọmọ-ọmọ Òjòńkù, pè mí. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ sí nínú ohùn rẹ̀.

“Olóyin, ṣé ó tó?”

Mo gbọ́ ọ. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ikọ́ ló ń wú. Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi. Kì í ṣe ẹkún ni mo ń dí o, ìkà tí mo jẹ́, mo ń ṣọ́ra kí àánú má baà já bọ́ ni. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tí iná kú, bí wọ́n ṣe jókòó náà la bá wọn.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Òjòńkù ti lọ já ewé lọ́nà Atokoligbé lọ́jọ́ náà. Ó dé, ó rí wọn, ó wá sílé mi. Mo rò pé ó wá pa mí ni. Ó ń fọwọ́ wá ojú egbò iná kiri ara mi, ó ní òun mọ̀ pé mo sáré wá sọ pé ó tó, iná ló dínà mọ́ mi. Ó sunkún fún mi. Ó fi oyin sí mi lẹ́nu kí ìbànújẹ́ má baà pa mí, mo sì jẹ ẹ́. Mo lá ìka rẹ̀.

Ìyá kúkúrú tó ń daṣọ borí, tó ń gbé oyin wá fún yín lọ́dọọdún, òun nìyẹn. Ó gbọ́ pé mo ń kú lọ, ó ti Djaloukou rìn wá. Láti àárọ̀ tí mo ti ní kó jókòó síta, kò tíì dìde, kò mumi. Gwladys, má ká kajú yẹn mọ́. Ẹni tó bá gbà ẹ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, má fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú un. Lọ sọ fún un pé mo ní ó tó, kó wọlé. Bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ tán, tó bá ṣì fi oyin sí mi lẹ́nu, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo mọ ara mi, màá jẹ ẹ́.