Ìwé Tí Tíṣà Kò Kà Parí

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìṣẹ́, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń ṣàròyé ìwé ìtàn ọwọ́ rẹ̀ fún obìnrin tó jókòó tì í.

"Àwọn òǹkọ̀wé ìsinsìnyí ò ní sùúrù. Ìyàwó inú ìwé yìí ń dúró de ọkọ rẹ̀ tó lọ sókè òkun. Ó fọ́ kòkó láàárọ̀, ó sá a lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó kan ná!"

"Ṣé ọkọ náà padà dé, mà?"

"Mo ti pa ìwé dé. Ẹni tí ò lè dúró de kòkó, ọkọ wo ló fẹ́ dúró dè?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Ẹ yá mi, mà. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ tèmi ti wà lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo máa ń bo kòkó mi."