Ojú Onoriode Ni Ayédèrú Gbé Wọ̀

Ọládòṣù ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ti jókòó sí òun láyà fún ọdún mẹ́tàlá, bí òun kò bá sì sọ ọ́ lónìí, òun yóò gbé e wọ sàréè ni. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 1978 ni, níwájú ilé Ebiere ní Ajégúnlẹ̀. Ebiere, opó ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, Rita ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Àwọn ará àdúgbò ti ń pé jọ, wọ́n rò pé ọ̀gbẹ́ni tó ń yàwòrán nínú ìwé ìròyìn wá kí ènìyàn ni. Ọládòṣù ní, "Ẹ má tíì kí mi. Ẹ gbọ́ mi ná."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan ṣì dùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ń dá egbò sí i lọ́kàn jù. Lọ́dún 1962, akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Warehouse Road ní Àpápá. Onoriode, ọkọ Ebiere, ni sítọ́kípà tó ń ṣọ́ ilé ẹrù ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn méjèèjì ń gùn láti Ajégúnlẹ̀ láràárọ̀. Onoriode á máa kọ orin Ùròbò lọ́nà, Ọládòṣù á máa gbè é láìmọ ohun tó ń wí. Àpápá ìgbà náà! Bí fèrè ọkọ̀ òkun bá dún, ife tíì á gbọ̀n lórí tábìlì. Ọkọ̀ ojú irin á já ẹ̀pà òkè Ọya sílẹ̀, òórùn ẹ̀pà àti kòkó á gba afẹ́fẹ́ títí dé abẹ́ àwọn igi olódòdó pupa ní GRA, níbi tí àwọn ọ̀gá ń gbé. Lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n á fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà, Ọládòṣù á sì máa fi pẹ́ńsùlù ya àwọn ọ̀gá sẹ́yìn ìwé àlòkù, èyí tí imú rẹ̀ rí bíi máńgòrò, èyí tó ń sùn níbi ìpàdé. Onoriode á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, èéjí rẹ̀ á yọ gbàgàdà. "Dòṣù, ọwọ́ rẹ yìí, Ọlọ́run ló dá a lọ́tọ̀," ló máa ń wí.

Ọládòṣù ní bí wọ́n bá ní kí òun mú ọjọ́ kan padà nínú ayé òun, ọ̀kan nínú ọ̀sán wọ̀nyẹn ni òun yóò mú.

Ọwọ́ yẹn kan náà ni Oyèníran rí. Oyèníran ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, ó sì máa ń wá gbẹ́rù nílé-iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Akọ̀wé, ọwọ́ tó mọ ojú ènìyàn yà, ṣé kò mọ orúkọ ènìyàn kọ ni?" Ọládòṣù fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ó jókòó sí tábìlì rẹ̀, ó kọ ìwé tí wọ́n fi ń gba ẹrù jáde, ó fara wé ọwọ́ Onoriode láti buwọ́ lù ú. Ọkọ̀ Oyèníran kó ogójì ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, ẹ̀ṣọ́ géètì sì juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

"Kò sẹ́ni tó fọ́ ilẹ̀kùn," ó sọ fún àwọn tó ń gbọ́. "Kò sẹ́ni tó yọ ọ̀bẹ. Ìwé ni mo fi jalè. Èmi òmùgọ̀ rò pé ẹni tó bá de táì kì í jẹ́ olè." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé lọ́dún 1965, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá lórí àwọn ìwé náà. Ní kóòtù, Onoriode wò wọ́n títí. Ó ní ó jọ ọwọ́ òun, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni òun kọ ọ́. Ó yíjú, ó ní, "Ẹ bi Dòṣù. Dòṣù mọ ọwọ́ mi." Wọ́n bi Ọládòṣù. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni, sà." Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ni wọ́n ju Onoriode sí.

Rita fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ dúró," Ọládòṣù ní. "N kò tíì débi tó burú jù."

Lọ́dún kejì ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, ó di ayàwòrán fún ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní kó wá ìtàn aláwòrán tí tọmọdé tàgbà yóò máa retí. Ìtàn tó wà nínú rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ó ya akọ̀wé kan tó ń fi kálàmù jalè ní èbúté, títí íńkì fi wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó di abàmì. Orúkọ ẹni tó bá kọ sílẹ̀, ẹni náà á di ẹrú rẹ̀. Bó bá kọ orúkọ ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ á rì. Ayédèrú ló sọ ọ́. Ìwà ara rẹ̀ ló gbé kalẹ̀ láìku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ojú, kò ya ojú ara rẹ̀. Ó ya èéjí Onoriode, ó ya àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, ó ya fìlà rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe," ó ní. "Mo rò ó pé bí gbogbo ayé bá ti mọ ojú yẹn ní ojú olè, kò sẹ́ni tí yóò bi mí léèrè mọ́."

Ìtàn náà dùn mọ́ ènìyàn. Ó ní kí òun má purọ́, ó dùn mọ́ òun náà. Àwọn onígbàjámọ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn ọmọdé ń sáré pàdé ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ọmọ yẹn kan náà ló ń hó lé Rita, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bó bá ń lọ síléèwé: "Ọmọ Ayédèrú! Má kọ orúkọ mi o!" Rita pa ilé-ìwé tì.

Nígbà tí Onoriode jáde lẹ́wọ̀n lọ́dún 1969, ó wá sílé Ọládòṣù ní ọ̀sán Sátidé kan, ó jókòó, ó gba omi mu. Ó ní, "Dòṣù, abeg, dat man wey you dey draw, change him face. Na because of di pikin." Kò bínú. Kò tilẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ ìwé ẹrù. Ọládòṣù ṣèlérí pé òun yóò pa ojú náà dà nítorí Rita.

"Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e," Ọládòṣù ní, "mo ya èéjí yẹn, mo sì tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí mo bá pa ojú náà dà, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Ẹni tó gba omi mu lọ́wọ́ mi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún."

Onoriode kò ríṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọdé ń sá fún un ládùúgbò tó ti ń fún wọn ní súìtì rí. Ọdún 1973 ló kú, Ọládòṣù kò sì lọ síbi ìsìnkú.

Ó ní lóṣù tó kọjá ni Harriet, ọmọ òun obìnrin, rí àwòrán Ayédèrú nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan nínú àpótí, tó ní, "Dádì, ọkùnrin yìí ò jọ olè o. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ ohun ẹ̀rín." Ọjọ́ náà ni òun ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wá síbí.

Ọládòṣù dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, ẹ wò mí dáadáa. Ìka tí kò kan ẹnikẹ́ni lára ló pa ọ̀rẹ́ mi. Lọ́la mò ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá Rita, ẹ forí jì mí."

Ebiere dìde, ó wọlé lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde, àga kékeré kan ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín ọ̀nà.

"Dìde ńlẹ̀, Ọládòṣù. Jókòó síbí," ó ní. "Kí o tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀. Pariwo ẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."